Bí ẹ ṣe lè ríṣẹ́ nínú ìdáàbòbò ewéko ìbílẹ̀ àti ìtọ́jú ilẹ̀

Ní ọdún 1994, òṣìṣẹ́ ọgbà ìpamọ́ kan ní Ọsirélíà, David Noble, fi okùn sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì tóóró kan ní Wollemi, tí kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú ńlá Sydney. Ó rí àwọn igi kan tí ewé wọn kò jọ ti igi kankan tó mọ̀. Ó mú ẹ̀ka kan tó ti bọ́ sílẹ̀ dání, ó sì gbé e lọ fún àwọn onímọ̀. Igi tí ẹnikẹ́ni kò tíì fún lórúkọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rí ni, ó jọ àwọn ewé tí a ń rí lára òkúta àtayébáyé, tí gbogbo ènìyàn ti gbà pé ìran wọn ti parẹ́ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Wollemia nobilis, kí orúkọ ẹni tó rí i lè wà lára rẹ̀. Èyí tó ti dàgbà nínú igbó náà kò pé 100.

Ìtàn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí. Noble kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì. Ohun tó ní ni pé ó mọ àwọn igi tó yí i ká débi pé èyí tí kò mọ̀ hàn sí i lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí tó wọ́pọ̀ kò lè dá èyí tó ṣọ̀wọ́n mọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí dúró lórí ìyẹn: ojú tó mọ ewéko, àti ọwọ́ tó ń kọ ohun tójú rí sílẹ̀ dáadáa, ni àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ń wá. Ìwé-ẹ̀rí wúlò, àmọ́ kò lè dúró dípò méjèèjì.

Ewéko ìbílẹ̀ ni èyí tó wà ní àgbègbè kan láìjẹ́ pé ènìyàn ló gbé e wá. Òun, kòkòrò, ẹyẹ àti ilẹ̀ ibẹ̀ ti jọ gbé pẹ́, wọ́n sì ti mọwọ́ ara wọn. Ọgbà ewéko Kew ní London gbé ìròyìn jáde ní 2020 pé nínú gbogbo irú ewéko márùn-ún, ó ṣeé ṣe kí méjì wà nínú ewu ìparun. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju ọwọ́ tó ń ṣe é lọ. Owó tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un ni kò tó. N kò ní tan yín jẹ lórí ìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ilẹ̀ kan, kí ẹ sì bá a gbé fún odidi ọdún kan

Kò ní láti jẹ́ igbó ńlá. Etí odò, ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, ibi ìsìnkú àtijọ́ tí wọn kì í ro, gbogbo rẹ̀ ló dára bí ẹ bá ti lè dé ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ máa gba ọ̀nà kan náà. Ẹ fẹ́ mọ bí igi kan ṣe rí nígbà tó ń rúwé, nígbà tó ń tanná, nígbà tó so, àti nígbà tó wọ́wé tán, torí ọ̀gá tó máa gbà yín síṣẹ́ kò ní dúró de òdòdó kó tó bi yín pé kí lèyí. Ìgbà ara là ń búra. Ewéko wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ló fi ń yọrí sókè ilẹ̀ lọ́dún. Ẹni tí kò wá lásìkò yẹn yóò búra pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbàgbé wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹbí. Bí ọ̀pá ewéko bá ní igun mẹ́rin, tí ewé rẹ̀ kọjú sí ara wọn ní méjì-méjì, tó sì ń ta sánsán nígbà tí ẹ bá rún un lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ ronú kan Lamiaceae, ẹbí efinrin. Bí ewé bá kọjú síra, tí ìpẹ́ kékeré kan sì wà láàárín ẹsẹ̀ ewé méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Rubiaceae, ẹbí kọfí. Ibi tí èso bá ti wà nínú pádi bíi ti ẹ̀wà, Fabaceae ni. Oje funfun bíi wàrà ń tọ́ka sí Euphorbiaceae, Apocynaceae tàbí Moraceae, ẹ má sì jẹ́ kó ta sí yín lójú. Ohun tó bá jọ koríko, ẹ fi ìka yí ọ̀pá rẹ̀: bó bá ní igun mẹ́ta, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ Cyperaceae, ẹbí òfio. Nǹkan wọ̀nyí ní àyàfi tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ogún ẹbí báyìí lè dé igbó tí kò wọ̀ rí láyé, kó sì mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo ní kí ẹ rà ni awò ọwọ́ tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Ẹ so ó mọ́ okùn, ẹ fi kọ́ ọrùn. Ojú ni wọ́n ń gbé awò náà sún mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé ewé wá bá a. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é ní òdìkejì, wọ́n á wá ní awò náà kò ṣiṣẹ́.

Fóònù náà ń ṣèrànwọ́. iNaturalist, áàpù kan tó ti wà láti 2008, yóò dábàá orúkọ fún àwòrán tí ẹ bá yà, àwọn ẹlòmíràn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ àbá ni, kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ fi ìwé ewéko agbègbè yín tì í lẹ́yìn, kí ẹ sì lè sọ ìdí tí ẹ fi gbà: irun tó wà ní ẹ̀yìn ewé, iye ewé òdòdó, bí èso ṣe ń là. Ẹni tó bá ní “fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀” kò tíì mọ ewéko náà.

Bí ẹ bá lè dá irú 100 mọ̀ lórí ilẹ̀ kan láìwo ìwé, nígbà òdòdó àti nígbà tí kò sí òdòdó, ẹ ti kọjá ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń kọ ìwé ìwáṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí kò tíì bí

Ní 1765, onímọ̀ ewéko kan, John Bartram, àti William ọmọ rẹ̀ rí igi kékeré olódòdó funfun kan ní etí odò Altamaha ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. William padà síbẹ̀ lẹ́yìn náà, ó kó hóró rẹ̀ wálé, ó gbìn ín. Láti 1803, kò sẹ́ni tó tún rí igi náà nínú igbó mọ́. Gbogbo Franklinia tó wà láyé lónìí, inú ọgbà ni wọ́n wà, àti láti inú ohun tí àwọn Bartram kó wálé ni wọ́n ti ṣẹ̀. A mọ ibi tó ti wá torí pé wọ́n kọ ọ́.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ṣe ewéko gbígbẹ fún ilé ìpamọ́ tí wọ́n ń pè ní hẹbéríọ́ọ̀mù. Ẹ gé ẹ̀ka tó ní ewé, òdòdó àti èso bó bá ṣeé ṣe; bó bá jẹ́ koríko, ẹ hú u tòun ti gbòǹgbò. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ewé kan dojú bolẹ̀ kí òmíràn dojú sókè, kí ẹni tó ń wò ó lè rí ẹ̀yìn àti iwájú. Ẹ fi pákó méjì àti okùn dè é pinpin. Ẹ máa pààrọ̀ ìwé náà lójoojúmọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìkẹrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu. Nígbà tó bá gbẹ dénú, wọ́n ń gbé e sínú fíríṣà kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú kó tó wọ àárín àwọn yòókù.

Ewé náà ni ìdajì iṣẹ́, lébẹ́ẹ̀lì ni ìdajì kejì. Orúkọ ẹni tó gé e, nọ́ńbà tirẹ̀ (ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ má sì tún nọ́ńbà kan lò lẹ́ẹ̀mejì títí ayé yín), ọjọ́, ibi tó wà ní ọ̀rọ̀ tí àlejò lè tẹ̀ lé, nọ́ńbà GPS, irú ilẹ̀, àwọn ewéko tó wà nítòsí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun gbogbo tí gbígbẹ yóò gbà lọ: àwọ̀ òdòdó, òórùn, oje, bí igi náà ṣe ga tó. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́ ní inú igbó.

Mo kọ́ ìyẹn lọ́nà tó dùn mí. Nínú nọ́sìrì kan, ibi tí a ti ń gbin ọmọ igi, tí mo ti ṣiṣẹ́, èmi ni mo fi báírò kọ lébẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọ igi tí a gbìn lọ́dún kan. Òjò fọ̀ wọ́n. Àwọn igi náà hù dáadáa, wọ́n tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ òkè tí hóró wọn ti wá, nítorí náà a kò lè gbé ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn padà sínú igbó.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ kí ẹ tó gé ohunkóhun. Ẹ rántí òfin ẹyọ kan nínú ogún: bí ewéko náà kò bá tó 20 níbẹ̀, ẹ ya fọ́tò kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ lè fẹ́ràn ewéko kí ẹ má fẹ́ràn láàbù (yàrá ìwádìí), tàbí kí ẹ fẹ́ràn láàbù kí ẹ̀yìn yín má gba ọkọ́. Èyí tí mo mọ̀ jù ni màá tẹnu mọ́.

Iṣẹ́ irúgbìn ni mo fi ṣáájú. Millennium Seed Bank, tí Kew ṣí ní Wakehurst ní gúúsù England ní 2000, ni báńkì irúgbìn ewéko ìgbẹ́ tó tóbi jù lọ láyé, ìlànà rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ibòmíràn ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ń kó irúgbìn ń gbìyànjú láti kó o lára ewéko 50 ó kéré tán, kí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ agbo náà lè wọ inú àpò. Kì í kó ju ìdá 20 nínú 100 lọ nínú ohun tó gbó lọ́jọ́ yẹn. Kó tó kó ọ̀kan, ó máa ń fi ọ̀bẹ la hóró bíi mẹ́wàá wò: ṣé ọmọ inú rẹ̀ wà, ṣé kòkòrò ti jẹ ẹ́, ṣé òfìfo ni? Mo ti rí ẹni tó kó àpò mẹ́ta òfìfo wálé torí pé kò la ẹyọ kan.

Nílé, wọ́n á sá irúgbìn náà nínú yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ bí ìdá 15 nínú 100, tí ooru rẹ̀ jẹ́ 15°C, lẹ́yìn náà wọ́n á dì í mọ́ inú ohun tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, wọ́n á gbé e sí −20°C. Òfin àtẹnudẹ́nu kan wà nínú iṣẹ́ yìí: bí ooru bá fi 5°C lọ sílẹ̀, ẹ̀mí irúgbìn di ìlọ́po méjì. Lóòrèkóòrè, wọ́n á mú díẹ̀ jáde gbìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń hù. Ṣùgbọ́n irúgbìn kókó, ti rọ́bà àti ti igi oak kì í gba gbígbẹ. Bí ẹ bá sá a, ó kú nìyẹn. Irú èyí ń fẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ inú hóró, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú náítírójìn tó ti di omi, ní −196°C, tàbí kí wọ́n gbin igi náà sínú ọgbà. Ọwọ́ tó balẹ̀ ló ń ṣe é, àwọn tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ràn láàbù, ẹ yẹ ibẹ̀ wò.

Nọ́sìrì ewéko ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Hóró ewéko ìgbẹ́ kì í hù bíi ti àgbàdo. Òmíràn ń fẹ́ kí ẹ ha èèpo rẹ̀, òmíràn ń fẹ́ òtútù fún oṣù mélòó kan, òmíràn ń dúró de iná. Ní 1990, àwọn olùwádìí méjì, De Lange àti Boucher, ní Gúúsù Áfíríkà fi hàn pé èéfín fúnra rẹ̀, láìsí ooru, lè jí irúgbìn kan tí ó ń sùn. Láti ìgbà náà ni omi èéfín ti di irinṣẹ́ nínú nọ́sìrì.

Ẹ gbọ́ ti café marron, igi kékeré kan ní erékùṣù Rodrigues nínú òkun Íńdíà. Wọ́n ti rò pé ó ti parẹ́. Ní nǹkan bí 1980, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan rí ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ sí Kew, ó hù, ó tanná lọ́pọ̀ ọdún, kò so. Carlos Magdalena, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà níbẹ̀, kò dẹ́kun ìgbìyànjú: ó gé orí ibi tí òdòdó ti ń gba ìyẹ̀fun tó ń mú kó so, ó fi ìyẹ̀fun náà sí ojú ọgbẹ́, ó tún yí ibi tí igi náà wà padà. Ní 2003, ó rí irúgbìn. Ẹ wo ọ̀nà tí ìmọ̀ ọgbà lásán gbà mú ìran kan padà.

Ìmọ́tótó nọ́sìrì ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju ohunkóhun lọ. Àrùn Phytophthora cinnamomi, tó ń gba inú ilẹ̀ àti omi kọjá, ti pa ewéko ìbílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, bàtà àti táyà sì wà lára ohun tó ń gbé e kiri. Nọ́sìrì tó ní àrùn yóò gbé e lọ sínú igbó tó fẹ́ tún ṣe, lórúkọ àtúnṣe. Ẹ gbé ìkòkò sórí tábìlì, ẹ má gbé e sílẹ̀. Ẹ má tún iyẹ̀pẹ̀ àlòkù lò láìsè é. Ẹ gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà, kí ẹ tó wọ́n ọtí tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100 sí i.

Kíkápá èpò àjèjì ni ẹ̀ka tó ń gba ènìyàn jù. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: ewéko àjèjì mẹ́wàá lónìí, ọ̀sán kan ni, tí ẹ bá dúró ọdún mẹ́wàá, ó lè di iṣẹ́ ìran ènìyàn kan. Òdòdó ẹlẹ́wà ni wọ́n pe ewéko orí omi tí wọ́n ń pè ní water hyacinth nígbà tí wọ́n gbé e kúrò ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ sì mọ ohun tó ń fi ojú odò ṣe lónìí. Gúúsù Áfíríkà dá ètò Working for Water sílẹ̀ ní 1995, tó ń kọ́ àwọn tí kò níṣẹ́, tó sì ń san owó fún wọn láti gé igi àjèjì tó ń fa omi ilẹ̀ gbẹ. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ dájú: bí ẹ bá gé igi tó máa ń tún hù láti ara kùkùté, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni kí ẹ kun oògùn apakoríko sí ojú kùkùté, kí ojú rẹ̀ tó dí. Ẹ ka ohun tó wà lára agolo, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ tí òfin bá béèrè. Ẹ padà wá lọ́dún kejì, ìkẹta, ìkẹrin, torí hóró tó wà nínú ilẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ìyá òun ti kú.

Àtúnṣe ilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún 2021 sí 2030 sọ́tọ̀ fún un, àwọn orílẹ̀-èdè sì fohùn ṣọ̀kan nínú àdéhùn Kunming-Montreal ní oṣù Kejìlá 2022 pé kí ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ àti omi tó ti bàjẹ́ wà lábẹ́ àtúnṣe tó lérè kó tó di òpin 2030. Ìlérí yìí ti ń di iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ ẹni tó ń gbin igi síbi tí kò fẹ́ igi. Pápá koríko àti ọ̀dàn kì í ṣe igbó tó ṣàìsàn. Ewéko inú wọn ń fẹ́ oòrùn, igi tí ẹ gbìn sí wọn lórí yóò pa wọ́n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀, kí ló sì ń dí i lọ́wọ́ láti padà? Nígbà míì, kí ẹ kó màlúù kúrò tàbí kí ẹ dí kòtò tó ń fa omi lọ ti tó.

Ìyókù ní ṣókí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé dídáná sun ilẹ̀ lásìkò tó yẹ, lábẹ́ àṣẹ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ni iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ń ka ewéko lọ́dọọdún nínú igun mẹ́rin tó fẹ̀ ní mítà kan sí mítà kan. Àwọn mìíràn ń ṣe ìdíwọ̀n ewu fún Red List ti àjọ IUCN, àkójọ àwọn ohun alààyè tó wà nínú ewu ìparun, tó ti wà láti 1964. Ewéko tó bá ku àgbà tí kò tó 50 láyé, ipele ewu tó ga jù ló wà. Àwọn mìíràn ń ṣọ́ òfin: àdéhùn CITES ti 1973 lórí òwò ewéko tó ṣọ̀wọ́n, àti Àdéhùn Nagoya ti 2010 lórí bí èrè ohun inú igbó ṣe gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kò kọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé ewéko kò lè wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà ẹrẹ̀, kò lè lo ẹ̀rọ ìgégi, kò sì ní ìwé ìtọ́jú pàjáwìrì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀gá ń wò. Ẹ kọ́ QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ lè fi máàpù hàn ibi tí agbo ewéko kan wà àti bí èpò ṣe ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí ẹlòmíràn lè lò ó: ohun kan nínú àpótí kan, ọjọ́ ní ọ̀nà kan náà, orúkọ tí a kò kọ ní oríṣi mẹ́ta.

Èyí tó ṣòro jù ni bíbá onílẹ̀ sọ̀rọ̀. Ewéko tó ṣọ̀wọ́n kì í sábà mọ ààlà ọgbà ìpamọ́. Ilẹ̀ àgbẹ̀, ilẹ̀ ẹbí, ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ ló wà. Ẹ lọ kí wọn kí ẹ tó mú ìwé kankan dání. Ẹ bi wọ́n bí ilẹ̀ náà ṣe rí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹ gbọ́ tán. Ẹ má kó òfin síwájú. Onílẹ̀ tó mọ̀ pé òun ni òdòdó kan tí kò sí níbòmíràn, tí a sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un, máa ń ṣọ́ ọ ju ẹ̀yin lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí, kọ́ni ní yunifásítì, tàbí fún àwọn ewéko lórúkọ, ẹ kò lè sá fún oyè nínú ìmọ̀ ewéko tàbí ìmọ̀ àyíká. Ṣùgbọ́n fún nọ́sìrì, ìtọ́jú ilẹ̀ àti kíkó irúgbìn, dípúlómà nínú iṣẹ́ ọgbà tàbí iṣẹ́ igbó pẹ̀lú ọdún méjì nínú pápá lè gbé yín dé ibi tí oyè nìkan kò lè gbé yín dé. Ẹgbẹ́ Society for Ecological Restoration, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ti ń fún àwọn tó ń ṣàtúnṣe ilẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí láti 2017. Ó ní èyí tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, kó lè máa kún ìrírí rẹ̀ títí yóò fi pé. Nígbà tí ẹ bá ń yan ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí mo máa bi wọ́n ni èyí: ọjọ́ mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò níta lọ́dún, ta ló sì ń kọ́ wọn ní orúkọ ewéko? Bí ìdáhùn bá lọ́, ẹ wá ibòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Wíwá iṣẹ́ àkọ́kọ́

Iṣẹ́ yìí ní àsìkò. Wọ́n ń gba ènìyàn kí èpò tó hù, kí irúgbìn tó gbó, kì í ṣe nígbà tó bá ti gbó tán. Ẹ kọ ìwé yín ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú. Ọgbà ewéko wà káàkiri ayé. Botanic Gardens Conservation International, tó ti wà láti 1987, ní àkójọ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi wá èyí tó sún mọ́ yín jù. Ẹ tún wo ọgbà ìpamọ́ ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ra ilẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀, nọ́sìrì, ẹ̀ka ìwádìí yunifásítì, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ilẹ̀ kí wọ́n tó la ọ̀nà tàbí kọ́lé. Àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ló sábà ń sanwó jù, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rí ọkàn yín yóò ti ní iṣẹ́ jù, torí ẹni tó ń fẹ́ kọ́lé ló ń san owó ìwádìí yín. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí, bó ti wù kó rí lára ẹni tó sanwó.

Nínú lẹ́tà yín, ẹ má kọ “mo fẹ́ràn ẹ̀dá”. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ ọ́. Ẹ kọ pé: “Mo ti rìn ilẹ̀ kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù 14, mo dá irú 112 mọ̀ níbẹ̀, ewéko gbígbẹ 30 tí mo ṣe wà nílé ìpamọ́, àkọsílẹ̀ mi rèé.” Ọ̀gá tó bá ka ìyẹn yóò pè yín. Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ múra láti rìn níta. Wọ́n lè tọ́ka sí ewé mẹ́wàá kí wọ́n ní kí ẹ pè wọ́n. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ẹbí tí ẹ rò pé ó jẹ́ àti ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò. Ẹni tó ń purọ́ orúkọ léwu nínú iṣẹ́ yìí, torí oògùn apakoríko kì í gba àforíjì.

Iṣẹ́ àìgbowó ń kọ́ni, àmọ́ ó ní ibi tó yẹ kó mọ. Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa kọ́ yín, ta ló máa kọ́ yín, ìgbà tó máa parí, àti ẹni tó ń san owó ọkọ̀. Oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń kọ́ nǹkan tuntun dára. Ọdún méjì tí ẹ ti ń fa èpò kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn tó wà ní ọ́fíìsì ń gbowó, ìrẹ́jẹ ni, mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Àwọn tí kò ní òbí tó lè bọ́ wọn ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń lé kúrò nínú iṣẹ́ wa.

Ìgbésẹ̀ keje: Bí ẹ ṣe máa pẹ́ nínú rẹ̀

Ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà níbí, oṣù mẹ́jọ lọ́hùn-ún. Ẹ tọ́jú owó sílẹ̀ nígbà iṣẹ́. Ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tó lè gbé yín la ìgbà tí kò sí kọ́ńtíráàtì já. Ẹ tọ́jú ẹ̀yìn àti orúnkún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dá wọ igbó láìsọ fún ẹnìkan ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa bọ̀.

Ẹ ó rí ilẹ̀ tí ẹ tọ́jú tí wọ́n máa ro dànù lọ́jọ́ kan. Ó máa dùn yín, ẹ má díbọ́n pé kò dùn. Nígbà tí iná ńlá ọdún 2019 sí 2020 ń bọ̀ wá sí àfonífojì Wollemi, wọ́n fi hẹlikópítà gbé àwọn panápaná sọ̀ kalẹ̀, wọ́n to páìpù omi sáàárín àwọn igi náà, agbo náà sì là á já. Ọdún 25 ni àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ti fi ń mọ ilẹ̀ yẹn kí ọjọ́ náà tó dé. Wọ́n mọ ibi tí igi kọ̀ọ̀kan wà.

Ìyẹn ló mú mi dé orí ìwé àfilélẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa kì í kọ. Kí ẹ tó fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ẹ kọ ojú ìwé mélòó kan fún ẹni tó ń bọ̀: ibi tí ewéko tó ṣọ̀wọ́n wà àti ìgbà tó ń tanná, èpò tí ẹ ti gé àti ọdún tí ẹ gé e, èyí tí ẹ ṣe tí kò ṣiṣẹ́, orúkọ onílẹ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ lọ kí. Ẹ mú un rìn gba ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Ẹ fi òpó tí ẹ rì mọ́lẹ̀ hàn án, níbi tí ẹ ti ń ya fọ́tò lọ́dọọdún, kí ẹ gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, kó sì ya ti ọdún yẹn fúnra rẹ̀.